Fáníìṣì Tí Kò Fẹ́ Gbẹ

Fáníìṣì náà kọ̀, kò gbẹ. Mo fi ìka kàn án láàárọ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún kàn án nígbà tí oòrùn ti gun òrùlé, ó ṣì ń lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ọyẹ́ la wà, ọyẹ́ ilẹ̀ Èkìtì tó máa ń la ènìyàn létè, tí aṣọ tí a bá sá kì í pẹ́ gbẹ. Àga tí mo kùn láti inú agolo kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ti gbẹ, ẹni tó ni ín sì ti gbé e lọ. Ti orí àwòrán tí Màmá Ayọ̀ gbé wá nìkan ló ṣorí kunkun. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe gbogbo ojú àwòrán náà ló kọ̀. Ó gbẹ lórí ìwé, ó gbẹ lórí háhá àgbàdo, ó gbẹ lórí fọ́tò. Orí aṣọ nìkan ni kò ti gbẹ.

Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù yẹn, nǹkan mìíràn ń yún mi lára, ohun tí ìyá mi torí rẹ̀ sọ mí ní Tọpinpin láti kékeré. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì níbí, Ìyá Férémù ni wọ́n ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí yunifásítì. Férémù ni mò ń ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni bíbo àwòrán àlẹ̀mọ́. Àwòrán àlẹ̀mọ́ ni èyí tí ayàwòrán kò fi ọ̀dà nìkan ṣe. Ó gé ìwé ìròyìn, ó gé aṣọ, ó kó iyanrìn, èèpo igi, ìyẹ́ adìyẹ, bọ́tìnnì, ohunkóhun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, ó lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú pákó tàbí páálí. Ó máa ń rẹwà, ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni. Eruku ń wọ inú rẹ̀, ayán ń jẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, oòrùn ń ṣí i láwọ̀, ọ̀rinrin ń ká a létí. Ẹni tó ṣe é ti ṣe tirẹ̀. Èmi ni n ó wá fi fáníìṣì bò ó, kí ayé má baà tètè jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Ìfàkì. Ọ̀gá mi ni Alfa Ráímì, ẹni pẹ̀lẹ́ kan tó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó bí ẹni tó ń yẹ ara ọmọ wò bóyá ibà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo kí n tó kí i tán. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ mi.

"Bísí, ṣé o ti bi í?"

"Bi ta ni, ọ̀gá?"

"Pákó yìí. Ṣé o ti bi í bóyá ó fẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó já òwú díẹ̀, ó fi kan omi, ó fi nu igun kan lábẹ́ àga níbi tí ojú kò lè tó. Ó wò ó. Ó já òwú mìíràn, ó fi kan tínà, ìyẹn omi olóòórùn tí a fi ń po fáníìṣì kó lè ṣàn, ó tún nu ibòmíràn. Ó ní bí a ṣe ń bi nǹkan léèrè nìyẹn, àti pé nǹkan kì í purọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bi. Títí dòní, bíbéèrè ni èmi náà ń pe iṣẹ́ yẹn.

Ohun kan tún wà tí Alfa kò fẹ́ rí rárá, òun ni irun búrọ́ọ̀ṣì nínú fáníìṣì. Ó ní kò yàtọ̀ sí irun nínú ọbẹ̀: ọbẹ̀ ì báà dùn títí, irun yẹn ni àlejò máa ròyìn délé. Abẹ́rẹ́ kan kì í kúrò létí fìlà rẹ̀ tó fi ń yọ ọ́. Èmi náà ní tèmi, ó wà lọ́rùn aṣọ iṣẹ́ mi. Mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí, ó gún ẹni tó fẹ́ gbá mi mọ́ra.

Nígbà tí mo kó wá sí Ọ̀yẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán àlẹ̀mọ́ wá, ni mo tó mọ̀ pé àga rọrùn. Àga kan, igi kan ni. Àwòrán àlẹ̀mọ́ kan lè kó oríṣiríṣi jọ, kí ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ sì jẹ́ ohun tí yóò pa èkejì. Omi kò ṣe aṣọ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n yóò mú kí yíǹkì fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ṣàn. Tínà kò ṣe aṣọ náà ní nǹkan kan, àmọ́ bó bá kan fóòmù, yóò jẹ ẹ́ wómú. Ọmọkùnrin kan wà tó fi báírò ya ojú bàbá rẹ̀, tó wá gé fìlà bàbá náà gan-an lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Kò ní sùúrù kí n bi àwòrán náà léèrè. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò, wọ́n fọ́n nǹkan sí i lára. Nígbà tí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ mi, báírò ti ṣàn láti ojú bàbá dé àgbọ̀n.

"Àǹtí, kí la lè ṣe sí i báyìí?"

"Sọ fún wọn pé ẹkún ayọ̀ ni bàbá ń sun pé o fẹ́ gboyè," ni mo wí.

Ohun tó lọ sọ náà nìyẹn, wọ́n sì fún un ní máàkì tó dára. Láti ìgbà náà ló ti ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá mi.

Màmá Ayọ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, Ààyè ló sì ń gbé. Ọ̀kadà ló gùn wá, ó gbé àwòrán náà sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó fi ìró wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Bí ó bá ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, Yorùbá ilé-ìwé ni yóò máa sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, Èkìtì ni yóò máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó tú ìró náà. "Ulé yèyé mi nì yí," ó ní.

Lóòótọ́, ilé ni. Àwọn ewé ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ ló fi ṣe ògiri, èyí tí lẹ́tà kéékèèké ṣì hàn lára wọn. Háhá àgbàdo ló fi bo òrùlé, ó lẹ̀ wọ́n léra wọn lẹ́sẹẹsẹ. Pákó tín-ínrín kan ni ilẹ̀kùn. Fọ́tò ìyá rẹ̀, èyí tí kò ju ti páásípọ́ọ̀tù lọ, wà ní ojú fèrèsé. Ọ̀nà oko wá ti ẹnu ilẹ̀kùn lọ sókè, tó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, ebè iṣu wà lọ́tùn-ún lósì. Aṣọ kíjìpá aláró ni gbogbo ọ̀nà àti ebè náà, ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún lórí òfì tó dúró ti ògiri ilé wọn. Ó ká aṣọ náà, ó ṣẹ́ ẹ, ó jẹ́ kí ebè kọ̀ọ̀kan ga díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ láti lẹ ìwé mọ́ ìwé. Mo ní kí n ṣe tèmi kí ojú mi tó lọ."

Bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Dókítà ojú tó ń lọ rí ní Ìdó ti ṣàlàyé fún un pé oògùn lè fa ọwọ́ aago sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà kò ní padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣókùnkùn. Àárín nìkan ló kù tó fi ń ríran, èyí náà sì ń dínkù.

Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Mo ní gíláàsì ni kí á fi dí i, kò sí eruku, kò sí ayán.

"Rárá o! Bí o bá fi gíláàsì dí i mọ́ mi, kí ni mo máa fọwọ́ kàn? Gíláàsì? Bísí ọmọ mi, bí ojú bá ti lọ tán, ùka mi ni mo fẹ́ fi máa rìn nínú ulé yẹn."

Ohun tó ń fẹ́ nìyẹn. Kí n bò ó tí eruku, kòkòrò àti òógùn àtẹ́lẹwọ́ kò fi ní bà á jẹ́, síbẹ̀ kí ìka rẹ̀ lè máa ka gbogbo gegele rẹ̀. Bí mo bá sì bà á jẹ́, kò sí ojú tí yóò fi ṣe òmíràn. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta nínú wa.

Mo ní kó fún mi ní àjẹkù gbogbo ohun tó lò kí n fi béèrè. Ó kó wọn wá: ìwé, háhá, fọ́tò mìíràn tí wọ́n jọ tẹ̀, àti èkìrí kíjìpá kan tó ní ara ìró yèyé òun kan náà ni. Mo fi omi bi wọ́n, mo fi tínà bi wọ́n, mo wá kun fáníìṣì sí wọn. Gbogbo wọn gbẹ, wọ́n le, wọ́n dára. Ìgbà náà ni mo tó kun ojú àwòrán gan-an, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí fáníìṣì tó bá nípọn yóò kún kòtò, ojú á kàn máa dán lásán, ìka kò ní rí nǹkan kà. Ìwé gbẹ. Háhá gbẹ. Aṣọ kọ̀, bí mo ṣe sọ níbẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fura sí agolo, nítorí ayé ti di ayé àdàlù. Ṣùgbọ́n àga tó gbẹ ti dá agolo láre. Mo fura sí aró, bóyá òun ló ń bá fáníìṣì jà, àmọ́ lórí ìlà òwú funfun tó wà nínú aṣọ náà pàápàá, ó ń lẹ̀. Mo fura sí gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù kan náà ló sì wà lábẹ́ ìwé. Mo wá mú èkìrí kíjìpá tí mo fi béèrè, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ìró kan náà ni Màmá pè wọ́n, ọwọ́ kan náà ló hun wọ́n, agolo kan náà ni mo fi kùn wọ́n. Ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan kọ̀. Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi, síbẹ̀ kí n má tàn yín, ó ń dùn mọ́ mi díẹ̀.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ wọ takisí, ó di Ìfàkì. Alfa Ráímì kò kun nǹkan mọ́, òórùn tínà ti ń dà á láàyà láàmú. Mo bá a níwájú mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo kúnlẹ̀ kí i, mo rojọ́ mi. Kò tilẹ̀ wo àwòrán náà. Ó gbé e súnmọ́ imú.

"Gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Fáníìṣì ni mò ń gbọ́, ọ̀gá."

"Kọjá fáníìṣì. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo di ojú, mo fà á símú. Fáníìṣì ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn gọ́ọ̀mù, nísàlẹ̀ pátápátá, mo gbọ́ òórùn yàrá ìyá mi àgbà, nígbà tí wọ́n bá ṣí àpótí aṣọ láti mú èyí tí wọn yóò wọ̀ lọ́dún.

"Káńfọ̀!" Mo kígbe débi pé àwọn tó ń ṣe àlùwàlá wò wá.

"Káfúrà," ni Alfa wí, bí àwọn ṣe ń pè é. "Mo kun kọ́bọ́ọ̀dù kan rí fún ìyàwó tuntun. Ó kó káfúrà sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tó fi máa ṣí i, káfúrà ti rì sínú fáníìṣì bí ẹsẹ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní n kò mọṣẹ́. Mo tún un ṣe, ìyàwó tún kó káfúrà sí i. Ìgbà tí mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi ni mo gbé káfúrà yẹn jù sígbó."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. N kò dúró jẹun tí wọ́n fi lọ̀ mí. Ààyè ni mo gbà lọ tààrà, mo bá Màmá Ayọ̀ níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ìka rẹ̀ ló sì fi ń ṣà á ju ojú lọ.

"Màmá, èkìrí aṣọ tí ẹ fún mi yẹn, ibo lẹ ti mú un?"

"Ara ìró yèyé mi ni mo sọ fún ẹ."

"Mo mọ̀, Màmá. Ibo ló wà kí ẹ tó fún mi?"

Ó ronú, ó wá pàtẹ́wọ́. "Òṣùká ni! Ìró náà ya sí méjì. Yèyé mi mú ìdajì kan ṣe òṣùká, òun ló fi ń ru usu láti oko. Ara ìṣó ló wà nílé ìdáná láti ọjọ́ tó ti kú. Ìdajì kejì ló wà nínú àpótí, òun ni mo fi ṣe uṣẹ́ náà."

"Ṣé ẹ fi káńfọ̀ sínú àpótí?"

"Ta ni kì í fi káńfọ̀ sínú àpótí? Ṣé kí kòkòrò wá jẹ aṣọ yèyé mi ni? Ọdọọdún ni mò ń fi kún un."

Bó ṣe tú sí mi lójú nìyẹn. Aṣọ tó gbé inú àpótí ti mu káńfọ̀ yó láti ọdún dé ọdún, òṣùká tó wà lára ìṣó kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdánwò mi kò purọ́. Ohun tí mo bi léèrè ni kì í ṣe ohun tí mo kùn. Èèyàn ibòmíràn lè má kó sínú irú ìjàm̀bá yìí, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, aṣọ tí a bá fẹ́ràn jù ni a ń rọ káńfọ̀ sí jù.

Mímọ ìdí kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Oníbàárà mi kan wà, ọmọ Benue, tó ń kọ́ni ní kẹ́místìrì ní yunifásítì. Nígbà tó wá mú férémù rẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ máa ń lọ ní tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi í sílẹ̀.

"Màdáámù, káńfọ̀ kì í dúró. Ṣé ẹ ò rí i pé nínú àpótí, ó ń kéré, ó ń kéré, tí kò sì sí omi kankan nílẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló ń dà. Tínà máa fọ fáníìṣì yẹn, ó máa fọ káńfọ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá kù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ."

Ẹnu yà mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí káńfọ̀ tó ń kéré, èmi Tọpinpin, n kò sì béèrè rí ibi tó ń lọ. Mo fi tínà bi aró náà ní ìgbátí aṣọ kan, òwú tí mo fi nù ún jáde ní funfun, aró kò ṣí. Ó wá ku kí n sọ fún Màmá pé a máa tú aṣọ kúrò lórí àwòrán.

"Kí o wó ulé yèyé mi?" Ó dìde dúró.

"A óò tún un kọ́, Màmá."

"Ta ni yóò tún un kọ́? Ùwọ tí o kò dé ibẹ̀ rí? Àbí èmi tí n kò rí ọ̀bẹ nínú àwo mọ́?"

Inú bí i gan-an, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ó wọlé lọ, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà. Mo bá a ṣa ẹ̀wà náà lọ. Nígbà tó jáde, ó ti kó aṣọ sínú báàgì, ó ní bí a óò bá wó o, kò ní í ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Bí ó ṣe wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yẹ́ nìyẹn.

Mo fi aṣọ tí mo rì sínú omi gbígbóná tẹ etí kíjìpá náà jẹ́jẹ́, gọ́ọ̀mù rọ̀, mo ń ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé àti háhá kò mì. Mo fọ àwọn aṣọ náà nínú tínà ní gbangba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sá wọn sórí okùn nínú ọyẹ́. Màmá ló gbé àga síbẹ̀ tó ń lé ewúrẹ́. Láràárọ̀ ni yóò lọ bá okùn náà, yóò gbé aṣọ sí imú, yóò ní, "Ó ṣì wà." Èmi náà á lọ gbọ́ ọ, á sì wà lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé èyí símú, ó gbé tọ̀hún. Ó wá jókòó.

"Ó ti lọ," ó ní. "Bísí, òórùn yẹn ni mo fi ń mọ yèyé mi. O ti fọ yèyé mi kúrò lára aṣọ rẹ̀."

Ohun tí mò ń wá láti ọjọ́ yìí ló dé yẹn, ó sì dùn mí wọra. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo béèrè bóyá aṣọ náà ṣì kù nínú àpótí.

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ má fọ̀ ọ́, Màmá. Ẹ má sì jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kàn án."

Mo ṣe dúrọ́ọ̀ kékeré kan sísàlẹ̀ férémù, tí ìdérí rẹ̀ há gádígádí. N kò fi í sẹ́yìn àwòrán, kí káńfọ̀ má baà tún rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ fáníìṣì. Ibẹ̀ ni èyí tó kù nínú aṣọ náà wà, bó ṣe jáde nínú àpótí. Nígbà tí mo fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án bí yóò ṣe máa ṣí i, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n gbé gọ́ọ̀mù wá.

Mo ti fi fóònù ya àwòrán náà kí n tó tú u, mo fẹ́ máa wò ó kí n lè máa júwe fún un. Ó ní kí n gbé fóònù mi sápò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú pákó náà, ó ń wá ojú gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ti gbẹ síbẹ̀. Ó di ojú. Ó di ojú tó ṣì ń ríran díẹ̀ yẹn pátápátá.

"Mú èyí tó gùn wá. Rárá, kì í ṣe ìyẹn, èyí tí ìdí rẹ̀ ṣẹ́. Ibí ni odò wa. Yèyé mi kì í jẹ́ kí a dá kọjá níbí."

Ó tún gbogbo ọ̀nà náà lẹ̀, ó tún ebè kọ́. Kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ebè kan tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀nà sì yà díẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà oko ń ṣe lẹ́yìn òjò.

Mo bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún bò ó, lọ́tẹ̀ yìí mo fa búrọ́ọ̀ṣì gba ìhà kejì. Kí n tó fi ìkẹyìn lé e ni mo di ojú, mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀nà náà láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé oko. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìkẹyìn gbẹ, ó gbẹ bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ nǹkan, kò sí ibi kankan tó lẹ̀. Mo sunkún, Màmá bú mi pé fáníìṣì ló wọ̀ mí lójú. Ọ̀kadà kò gbé e lọ mọ́. Takisí ni mo háyà, mo sì tẹ̀lé e dé Ààyè, mo gbé e kọ́ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó láti orí àga.

Ojú rẹ̀ lọ kí òjò tó dé. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bọ̀ wá kí òun, pé òun kò ṣàìsàn, ojú kàn lọ ni. Nígbà tí mo dé, ó wà lórí àga níwájú ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àwòrán náà. Mo kí i, ó mọ ohùn mi. Inú mi dùn láti wo iṣẹ́ náà, kò sí ayán, kò sí eruku, ojú rẹ̀ mọ́. Àfi ìgbà tí mo súnmọ́ ọn tí mo rí i: irun búrọ́ọ̀ṣì kan, dúdú, ó gbẹ mọ́ inú fáníìṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ojú tì mí. Mo rántí Alfa Ráímì. Mo na ọwọ́ sí ọrùn aṣọ mi, mo yọ abẹ́rẹ́.

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ọwọ́ mi tó kọjá níwájú rẹ̀ ló gbọ́.

"Irun búrọ́ọ̀ṣì kan ni, Màmá. Mo fẹ́ yọ ọ́, kò ní pẹ́."

Ó gbá mi lọ́wọ́ bí olùkọ́ ṣe ń gbá ọmọ iléèwé.

"Fi sílẹ̀! Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wá láàárọ̀. Bí mo bá ti kàn án, mo mọ̀ pé mo ti dé ẹnu ọ̀nà ulé wa."

Mo dá abẹ́rẹ́ padà sọ́rùn aṣọ. Ó mú ìka mi, ó gbé e lé irun náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ sókè, lójú ọ̀nà oko.